Ìdérí Mẹ́ta, Pọ́ǹpù Kan

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Sání, kò fi gba ìwé kankan lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé a ń jà. Ó ń jẹun nílé mi, ó ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi, bí mo bá sì ti Bàsílà dé sí Manigri, ìlú wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ bi mí bóyá ọ̀nà dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá na ìwé sí i, ì báà jẹ́ ìwé ìpè síbi ìsọmọlórúkọ lásán, yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, yóò ní, "Kà á fún mi. Má fún mi." Bẹ́ẹ̀ ìwé ni iṣẹ́ mi. Ìwé ni mo fi jẹun láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ogún ọdún títí irun fi funfun lórí mi. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mo ní iṣẹ́ yìí dára, kí ẹ mọ̀ pé mo mọ ibi tó ti ń dun ni pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń parí ilé ìwé, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Màmá, irú iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe?", ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní mo ń tọ́jú ìwé, ẹ óò rò pé mo kàn jókòó ti eruku. Bí mo bá sì ní mo ń yan irú fáìlì tí a ó fi ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ pamọ́ sí, kí ó má bàa bàjẹ́ lójú ẹni tí yóò kà á lọ́la, ẹ óò wo ara yín, ẹ óò sì rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ẹ̀rín náà rí. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ ná.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Bíró kan wà ní Bàsílà tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ń wá ẹni tó lè ka Faransé tó sì gbọ́ èdè wa. Mo lè ṣe méjèèjì, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kéré, àmọ́ ó ń wọlé. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọ̀gá Búráímọ̀, tí mo ń pè ní Mèsyé, ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ pàápàá ń gba áyọ́ọ̀nù. N kò gbọ́ kí ó pariwo rí, ìdákẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ wa ni láti tẹ ohun tí gbogbo wa ń pè ní fíìsì: ìwé ojú kan péré tó ń sọ fún àgbẹ̀ bí a ṣe ń gé iṣu gbìn, bí igi kajú kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì, iye oògùn tó yẹ fún omi báyìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la fi ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan tó ní ìda lára. Lẹ́tà á gé ìda náà, a ó gbé bébà ọ̀hún kọ́ sára ẹ̀rọ rónéó, a ó sì máa yí i lọ́wọ́ títí gbogbo apá yóò fi kú. Bí a bá ṣì í tẹ̀, oògùn pupa kan wà tí a fi ń dí ojú àṣìṣe náà, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, a ó dúró kó gbẹ, a ó tún un tẹ̀. Ẹni tó ń kánjú kò lè ṣe é.

Ó lé ní oṣù méjì kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kíkà ni mo ń kà. Yóò mú ìwé àgbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kọ lọ́wọ́, yóò fún mi ní èyí tí a tẹ̀, yóò ní kí n kà á sókè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láti nọ́ńbà ìkẹyìn títí dé ti àkọ́kọ́.

"Mèsyé, èéṣe tí a kò fi kà á bí gbogbo ayé ṣe ń kà á?"

"Bí o bá kà á láti òkè, ojú rẹ á ti mọ ohun tó ń bọ̀," ó dá mi lóhùn, "á wá máa purọ́ fún ẹ. Láti ìsàlẹ̀, kò ní rí irọ́ pa."

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé náà yóò lọ sọ́dọ̀ Bàbá Yáyà, gádíyẹ̀ wa tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá Yáyà mọ̀wé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí a ń ṣe nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi fẹ́ràn rẹ̀. Yóò fún un ní fíìsì náà, yóò jókòó tì í, kò ní sọ nǹkan kan. Ohunkóhun tí Bàbá Yáyà bá béèrè, àléébù ìwé nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan mo tẹ fíìsì kan nípa ebè iṣu. Odidi àárọ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, kò sí ojú pupa kan lára rẹ̀, inú mi ń dùn. Bàbá Yáyà kà á, ó gbé orí sókè. "Wọ́n ní kí á kọ ebè bí wọ́n ṣe sọ ọ́ níbi ìpàdé," ó ní. "Ìpàdé wo?"

Ọ̀gá Búráímọ̀ gba bébà onída náà lọ́wọ́ mi, ó ya á sí méjì. Mo sunkún. Mo rò pé ìkà ni. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá bi mí pé, "Nígbà tí bàbá rẹ bá ń lọ sí oko ẹgàn, ṣé ó máa ń ní òun ó yá iyọ̀ níbẹ̀?"

"Rárá, Mèsyé. Ilé ló ti ń gbé e lọ. Àti ìṣáná."

"Vwalà, ìyẹn gan-an. Ìwé yìí ń lọ sí oko ẹgàn, ìwọ kò sì ní bá a lọ. Gbogbo ohun tí yóò lò níbẹ̀, kí ó gbé e dání láti ilé."

Mo ní mo ti gbọ́. Bí ọ̀dọ́ ṣe ń gbọ́ náà ni mo gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú gbogbo fíìsì tí a bá yí jáde, ọ̀kan wà tí kì í jáde nílé. Àpótí irin ni yóò wọ̀, pẹ̀lú bébà onída rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá bẹ Ọ̀gá pé kí ó fún òun ní ọ̀kan yẹn torí pé èyí tí a pín ti tán, Ọ̀gá yóò mi orí. "Èyí kì í ṣe jíjẹ, irúgbìn ni." Ẹni tó bá ti gbé ní Manigri mọ ohun tó ń sọ. Bó ti wù kí ebi pa ilé tó, a kì í sun iṣu tí a yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wá fún wa. Ọ̀dínátọ̀ la ń pè é. Gbogbo bíró pé lé e lórí. Èmi ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ, ẹ ò bá rí bí mo ṣe ń rìn nígbà tí mo dé. Àkùkọ kò tó mi yan. Ọ̀gá Búráímọ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án, ó ní, "Bí ẹ bá pa á, níbo ni ìwé náà ń lọ?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Mo fi dìsíkẹ́ẹ̀tì hàn án, pátákó pẹlẹbẹ kékeré tí a ń ti bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, mo ní ibẹ̀ ni. Ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi.

Lónìí, garawa wàrà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tó kún fún dìsíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú wọn, mo sì ti wá gbogbo Bàsílà kiri, n kò rí ẹ̀rọ kan tó ṣì ní ẹnu tí yóò fi jẹ wọ́n. Àpótí irin Ọ̀gá ńkọ́? A ti kó ìwé inú rẹ̀ dà sí yàrá ẹ̀yìn, a fi àpótí náà kó ife tíì. Ikán jẹ ìwé náà. Mo bínú sí ikán gan-an nígbà yẹn, bí ẹni pé ikán ló kó o síbẹ̀.

Mo wá rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Mo ní ibi tí a kó ìwé sí nìkan ni kò dára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú klé tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ń kọ ọ́ sí ibi méjì, ibi mẹ́ta. N kò tíì mọ̀ pé ìwé lè wà níbi tó yẹ kó wà, kí ó ṣí wẹ́rẹ́, kí ó sì pa èèyàn lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Sání ni olórí àwọn àgbẹ̀ kan ní Manigri tó pa owó àti agbára pọ̀ láti dá pẹpíníyẹ̀ sílẹ̀, ibi tí a ti ń hu ọmọ igi kajú títí yóò fi tó kó lọ sóko. Kòkòrò wá ń jẹ ewé àwọn ọmọ igi náà. Bíró wa ní kí n ṣe fíìsì. Ọ̀pọ̀ wọn kò ka Faransé, mo wá ní àwòrán ni n óò fi sọ̀rọ̀. Irú lẹ́tà kan wà nínú ẹ̀rọ mi tó jẹ́ pé bí o bá tẹ a, kì í ṣe a ni yóò yọ, àwòrán kékeré ni: ọkọ́, ewé, ìdérí ìgò. Mo to ìdérí ìgò oògùn mẹ́ta, èyí tí a fi ń wọn oògùn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wá fi fọ́tò pọ́ǹpù tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn síwájú wọn. Ìdérí mẹ́ta, pọ́ǹpù kan. Ọmọ ọdún márùn-ún á ka èyí, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ nínú ẹ̀rọ náà ni mo ṣe fi sínú klé, fáìlì tó ṣì ṣeé tún kọ, mo fi rán awakọ̀ wa sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú ńlá. Ẹ̀rọ tiwọn kò ní lẹ́tà àwòrán mi. Ẹ̀rọ tí kò bá sì ní lẹ́tà kì í pariwo. Yóò rọra fi àpótí kékeré òfìfo kan sí ipò rẹ̀, yóò máa bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò pọ́ǹpù náà dúró ní tirẹ̀. Àwọn ìdérí mi mẹ́ta di àpótí mẹ́ta. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé rò pé ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Awakọ̀ sì ti ní iṣẹ́ mìíràn lójú ọ̀nà Manigri, ó já ẹrù náà sílẹ̀ níbẹ̀ tààrà, kò kọ́kọ́ gbé e wá sí Bàsílà. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n mú ọ̀kan wá kí n kà á láti ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo ní mo ti kà á lójú ẹ̀rọ, ó ti tó.

Àpótí kékeré gígùn, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò mú. Ẹni tó bá dàgbà sí ìlú mìíràn lè rò pé fèrèsé ni tàbí bíríkì. Lọ́dọ̀ wa, bwàtì sàdíìnì ni, agolo tí a ti jẹ ẹja inú rẹ̀ tán. Òun la fi ń wọn ẹ̀pà, òun la fi ń wọn irúgbìn ẹ̀wà, òun la fi ń bu iyọ̀. Kò sí ilé kan ní Manigri tí kò ní méjì mẹ́ta lórí pẹpẹ ìdáná. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí àpótí mẹ́ta àti pọ́ǹpù kan, wọn kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó gbé ìwé náà sókè. Ọkùnrin kan ní oògùn yẹn kò pọ̀ jù bí? Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi ló tẹ̀ ẹ́. Ṣé o wá mọ̀wé jù ú lọ ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, kì í ṣe òun. Ó ní òun fúnra òun ni yóò fọ́n oògùn náà. Ó fọ́n gbogbo rẹ̀, ó sì fi orí fífọ́ àti èébì sùn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó fi dìde, gbogbo ọmọ igi kajú náà ti gbẹ bí ewé tí a yan lórí iná.

Ó gun zẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwa, wá sí Bàsílà. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà bíró, mo dìde kí n kí i, mo rò pé ará ilé kan ló ń ṣàìsàn. Ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, bwàtì sàdíìnì òfìfo wà lọ́wọ́ òsì. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi.

"Ráfíátù, kí nìyí?"

Mo wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, ìdérí ìgò ni."

Ó gbé bwàtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tún un wò."

"Ìdérí ni mo fi síbẹ̀. Mo búra. Ẹ wá wò ó lójú ẹ̀rọ mi."

Mo ṣí i. Ìdérí mẹ́ta wà níbẹ̀, róbótó róbótó. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ìwé, ó tún wo ojú ẹ̀rọ. Kò pariwo. Ó ní, "Lójú ẹ̀rọ tìẹ nìyẹn. Ṣé ojú ẹ̀rọ tìẹ la fi ń wò ní Manigri ni?"

Mo na ọwọ́, mo pa ẹ̀rọ náà.

"Mo dúró láàárín èèyàn," ó ní, "mo ní àbúrò mi kì í ṣì í tẹ̀." Ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi, ó fi bwàtì náà tẹ̀ ẹ́ lórí kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ó sì jáde.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí Ọ̀gá Búráímọ̀ pẹ̀lú bébà onída tó ya sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé mi lọ sí oko ẹgàn, iyọ̀ rẹ̀ wà ní Bàsílà. Àwọn kan ní kí a kọ̀wé bú ilé ìtẹ̀wé náà. Mo ní rárá. Ohun tí mo fún wọn kò pé, ohun tí kò pé ni wọ́n tẹ̀. Bíró wa wá ọmọ igi mìíràn fún ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gbà á. Igi ṣeé fi rọ́pò igi. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, èmi tí mo sì ṣu ọ̀hún gan-an, n kò rí i gbàgbé.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ mi yí padà. Mo bẹ ọ̀gá bíró títí wọ́n fi rán mi lọ sí ẹ̀kọ́ kan nípa bí a ṣe ń tọ́jú ìwé inú ẹ̀rọ. Olùkọ́ ibẹ̀ kò yé bi wá ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: bí ìwọ bá kú, bí ẹ̀rọ rẹ bá kú, bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà bá kógbá wọlé, ṣé ìwé yìí á ṣì jẹ́ bó ṣe jẹ́? Ó fi irú PDF kan hàn wá tí wọ́n dìídì là kalẹ̀ fún ìpamọ́, tí wọ́n fi lẹ́tà A kún orúkọ rẹ̀, PDF/A. Ó ní gbogbo lẹ́tà tí ìwé náà bá lò, inú ara rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gbé wọn sí. Kò gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò gbọdọ̀ gbára lé ohunkóhun tó wà níta rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó pé. Bí a sì ṣe ń ṣe é kì í ṣe àṣírí ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí a kò tíì bí lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò kà á. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni omi bọ́ lójú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ojú ń dùn mí. Kò sí èyí tí Ọ̀gá Búráímọ̀ kò tíì sọ fún mi tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ìṣáná.

Mo padà dé, mo rò pé gbogbo èèyàn á kí mi káàbọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tuntun kan ni mo bá, Mèsyé Zákárì, ọmọkùnrin tí mo lè bí, tí orí rẹ̀ pé gan-an. Ó ní èrò tirẹ̀.

"Màmá, ayé ti kúrò níbi ìwé tó yadi. Ẹ jẹ́ kí àwòrán máa rìn, kí ohùn máa sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Ẹni tí kò mọ̀wé á gbọ́."

N kò lè ní irọ́ ló pa. Ẹ̀gbọ́n tèmi náà kò gba ìwé mi mọ́, ẹnu mi nìkan ló ń gbà. Mo ní, "Òótọ́ ni, Ọ̀gá. Ẹ ṣe é kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í ṣe irúgbìn."

Ó ní òun kò mọ ohun tí mo ń sọ, ará ìlú ńlá ni. Mo wá ní kí a dán an wò. Mo kó fíìsì kan náà sínú klé ní ọ̀nà mẹ́ta: ti Mèsyé Zákárì tó ń sọ̀rọ̀, fáìlì tí a fi ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, àti PDF/A. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fótókópì ní Pénéssoulou, lọ sí ẹ̀rọ olùkọ́ kan ní Doguè, lọ sí fóònù obìnrin kan tó ń ra kajú ní Manigri. Ti Mèsyé Zákárì sọ̀rọ̀ dáadáa níbi kan, ó gbé ojú dúdú jáde ní ibi méjì tó kù. Ní Doguè, fáìlì ojoojúmọ́ ti ìlà tó gbẹ̀yìn lọ sí ojú ìwé kejì, iye omi wà ní ojú kan, iye oògùn wà ní ojú kejì. PDF/A kò yí padà níbì kankan. Àmọ́ n kò ní tàn yín: lórí fóònù, lẹ́tà rẹ̀ wín-ín-wín-ín, obìnrin náà ní láti máa fi ìka fẹ̀ ẹ́ kí ó tó rí i kà, ó sì bú mi díẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ ṣe àtúnṣe, ẹnu PDF/A kọ́ la ti ń ṣe é. A ní láti padà sí fáìlì ìkọ̀wé, ká tún un kọ, ká tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú àwọn méjèèjì, ọ̀kan fún ọwọ́ wa, ọ̀kan fún ẹni tí kò mọ̀ wá.

Mèsyé Zákárì yẹ àwọn bébà tí mo kó bọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bwàtì sàdíìnì," ó ní nígbà tó yá. Wọ́n ti ròyìn rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ sí i pé PDF/A ni gbogbo ìwé wa yóò fi máa jáde láti ọjọ́ náà, kí ohùn àti àwòrán tó ń rìn máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìyàwó tuntun. Mo tún ra àpótí irin mìíràn fún ẹ̀dà orí bébà, torí igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. PDF/A kò mọ òtítọ́. Bí mo bá kọ ìdérí mẹ́rin níbi tó yẹ kí n kọ mẹ́ta, á pa mẹ́rin náà mọ́ fún àwọn ọmọ ọmọ wa láìyingin. Nítorí náà, títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò fi fíìsì kan sílẹ̀ láìkà á láti ìsàlẹ̀, n kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfún gádíyẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Yáyà ti di ẹni Ọlọ́run.

Fíìsì tó gbẹ̀yìn tí mo ṣe ni ti oògùn kajú. Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò lo lẹ́tà àwòrán rárá. Mo gbé ìdérí ìgò oògùn náà gan-an lé bébà, mo fi bírò yí i ká, mo wá fi ẹ̀rọ ya bébà náà sínú ìwé, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, ìdérí inú ìwé á ṣe déédéé pẹ̀lú ìdérí ọwọ́ àgbẹ̀. Mo kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ gbé ìdérí lé e wò kí ó tó pín in. N kò kọ orúkọ mi sí i. Mo fi sílẹ̀, mo padà sí Manigri, mo gbin ilá sẹ́yìn ilé.

Mèsyé Zákárì ti lọ sí ibòmíràn báyìí. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ bíró náà, mo gbọ́ pé ẹ̀rọ tí mo lò, wọ́n ti tú u palẹ̀. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ mí mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, bébà lọ́wọ́ òsì. Ó ní àwọn bíró rán ẹnì kan wá, kòkòrò tún ti dé, wọ́n sì ní ìwé yìí ni kí àwọn àgbẹ̀ tẹ̀ lé. Pénéssoulou ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Kò jókòó. Ó mú ìdérí ìgò kan jáde lápò, ó gbé e lé orí àwòrán náà lójú mi. Kò lé, kò dín.

"Ta ló ṣe èyí?" ó bi mí.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fún mi. Mo kà á fún un sókè láti ìsàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún: pọ́ǹpù kan, ìdérí mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ pé.

Nígbà tí mo kà á tán, mo rántí pé ó yẹ kí n dá a padà fún un. Mo ń wá ibi tí n óò gbé e lé, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá, orí àga tàbí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, kí ó lè fúnra rẹ̀ mú un.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́.

"Mú un wá," ó ní. "Mo fẹ́ fọ́n oògùn kí oòrùn tó mú."